Ìdí ìkòkò aró ni ọmọ mi ti gbọ́ Yorùbá

Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún méje kí n tó mọ̀ pé mo ti ṣe é níkà. Ìyá mi, tó ń ṣe àdìrẹ ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, ní kó bá òun mú ìko tí wọ́n fi ń so aṣọ wá. Ó dúró, ó ń wojú mi, kí n bá a sọ ohun tí màmá wí lédè Gẹ̀ẹ́sì. Màmá ò sọ nǹkan kan. Wọ́n dìde, wọ́n lọ mú ìko wọn. Ó dùn mí ju kí wọ́n bú mi lọ.

Èmi ni mo fà á. Ilé ìwé rẹ̀ ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ fanákúlà, èmi náà sì gbà pé Yorùbá á ba Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jẹ́. Irọ́ ni. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ní Abẹ́òkúta wa níbí pàápàá, wọ́n ti tẹ ìwé ìròyìn jáde lédè Yorùbá lọ́dún 1859. Kí ló wá ń tì wá lójú?

Mo kọ́kọ́ gba olùkọ́ lẹ́sìnnì. Ọmọ ka a, b, d títí, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí ilé ìwé gba ìsinmi, mo kó o lọ sọ́dọ̀ màmá lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ kan, màmá ká aṣọ funfun jọ, wọ́n fi ìko so ó le dan-in dan-in, wọ́n ní, "Àjọkẹ́, a dì í." Wọ́n tì í bọ inú aró, "A rẹ ẹ́." Ọmọ náà pariwo: "Àdìrẹ!" Ẹnu rẹ̀ ṣí látọjọ́ náà.

Ẹ má fi ọmọ tó bá ṣì í sọ rẹ́rìn-ín o. Ó fẹ́ pe ọkọ̀, ó ní "ọkọ mi ti dé", àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín, kò sọ Yorùbá mọ́ fún ọjọ́ méjì. Bó bá fi Gẹ̀ẹ́sì dá yín lóhùn, ẹ ṣáà máa bá Yorùbá yín lọ. Ẹ sì jẹ́ kí ó sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé. Ó ní "wẹ́n ti lọ" bíi ti màmá, mo fẹ́ tún un ṣe sí "wọ́n". Mo yáa panu mọ́. Ẹ̀gbá ni.

Ní báyìí, mo ń fi fóònù gba ohùn màmá sílẹ̀: orúkọ àwọn ọnà ara aṣọ, Ìbàdàndùn, Olókun, àti bí wọ́n ṣe ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ kí aró má bàa mú ibẹ̀. Màmá ti lé ní ọdún 76. A ò tíì dé orí ewé ẹ̀lú tí wọ́n fi ń ṣe aró àti bí wọ́n ṣe ń gún un.