Ta ló wa ọkọ̀ náà?

Ìyá mi ló kọ́kọ́ bi mí léèrè lórí fóònù láti Ìbàdàn: "Ta ló tiẹ̀ wa ọkọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn?" Mo ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú, mi ò ní sọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ fi gbà wọ́n. Wọ́n rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà o. Nílùú Òyìnbó tí mo wà yìí, ìdáhùn ìbéèrè yẹn tó £100, dídákẹ́ tí mo dákẹ́ ni kò jẹ́ kí n san án.

Ọjọ́ Sátidé kan ni, ọjọ́ 8 oṣù Kẹta. Wọ́n ń kó ọmọ àbúrò ìyàwó mi jáde ní gbọ̀ngàn kan ní Essex. Iwájú gbọ̀ngàn ti kún fún ọkọ̀ kí a tó dé, ọkọ̀ wa bá lọ gúnlẹ̀ síbi ìgbọ́kọ̀sí àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà ní òdìkejì títì. Wákàtí 3 ni ọ̀fẹ́, wọ́n kọ ọ́ sára pátákó. Ẹ̀yin náà mọ òde wa: ìwé ìpè ní aago 2, àwọn òbí ọmọ wọlé ní aago 4, ìgbà tí DJ fi máa so wáyà rẹ̀ tán, ìrẹsì ti tutù. Aago 4 kọjá ìṣẹ́jú 12 ni ọkọ̀ wọlé síbẹ̀; ó ku ìṣẹ́jú 9 kí aago 9 lù kó tó jáde. Ẹnikẹ́ni ò dá wa dúró. Kò sí irin lẹ́sẹ̀ táyà, kò sí ìwé lábẹ́ wáípà, kò sí ọmọkùnrin kankan tó jókòó lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. A délé, a sùn, a gbàgbé.

Ọmọkùnrin orí bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Lọ́dún tó ṣáájú ìrìn àjò mi, mo bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin lọ ra léèsì ní Bàlógùn, l'Èkó. A ò lò tó ogún ìṣẹ́jú nínú ọjà. Nígbà tí a padà dé, wọ́n ti fi irin de táyà iwájú, ọ̀kan nínú wọn sì jókòó lórí ọkọ̀ bí ẹni tó fowó ara rẹ̀ rà á, ó ń jẹ gúgúrú. ₦25,000 ni wọ́n pè. Àǹtí mi ò bá wọn jà. Wọ́n tú gèlè, wọ́n so ó mọ́ ìdí, wọ́n kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ìyá yín ni mo jẹ́." Màmá tó ń ta omi inú ọ̀rá dá sí i, bàbá kan tó ń kọjá lọ dá sí i, ẹnì kan ní òun mọ ọ̀gá wọn. Kó tó pé wákàtí kan, ₦25,000 ti di ₦3,000, ọmọ orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ti ń bá wa gbé ẹrù léèsì sínú bùùtù, ó sì ń ṣàdúrà fún àǹtí mi. Kò sí rìsíìtì. Ẹnikẹ́ni ò bèèrè ìwé ọkọ̀. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n mọ̀.

Tibí ò lójú, kò lẹ́nu. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹta ni lẹ́tà já bọ́ sẹ́nu ọ̀nà wa: £100, tàbí £60 tí mo bá san án láàárín ọjọ́ 14. Fọ́tò méjì wà nínú rẹ̀, ọ̀kan nígbà tí ọkọ̀ ń wọlé, ọ̀kan nígbà tó ń jáde. Nọ́ńbà ọkọ̀ hàn kedere. Ẹni tó wà nídìí sítiárín, òkùnkùn bò ó; ohun kan ṣoṣo tí mo rí nínú ọkọ̀ ni nǹkan ńlá kan tó ń dán lẹ́yìn, gèlè ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Kámẹ́rà ló ka nọ́ńbà, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣọ́ ibẹ̀ san £2.50 fún DVLA, àjọ ìjọba tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ọkọ̀, wọ́n sì gba orúkọ àti àdírẹ́sì mi.

Mo ṣe ohun tí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé máa ṣe: mo kọ ẹ̀bẹ̀. Ojú ìwé kan ààbọ̀. Ọmọ tuntun wà nínú rẹ̀, òjò wà nínú rẹ̀, orúnkún ìyá àgbà tó ń dùn wọ́n wà nínú rẹ̀. Kí n tó fi ránṣẹ́, mo fi han ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tí wọ́n ń wa bọ́ọ̀sì èrò ní Lewisham. Wọn ò kà ju ìlà méjì lọ.

"'Mo gbé ọkọ̀ mi síbẹ̀.' Ta ló ní kó o kọ 'mo'?"

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n wá purọ́ ni?"

"Ta ló ní kó o purọ́? Dákẹ́ ni mo ní kó o dákẹ́. Ọjọ́ wo ni ọkọ̀ lọ síbẹ̀? Ọjọ́ wo ni wọ́n kọ lẹ́tà? Mú kàlẹ́ńdà wá."

Mo ti wá ka òfin náà fúnra mi, bó ṣe rí nìyí. Irin tí wọ́n fi dè wá ní Bàlógùn, ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù náà rí. Àwọn aládàáni máa ń de ọkọ̀ lórí ilẹ̀ àdáni, wọ́n á sì dúró tì í títí owó á fi jáde. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2012 ni òfin fòpin sí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales. Lọ́jọ́ kan náà ni òfin ọ̀hún fún àwọn ilé-iṣẹ́ náà ní nǹkan mìíràn dípò irin. Ẹni tó wa ọkọ̀ ló jẹ gbèsè, torí òun ló rí pátákó tó sì dúró. Wọn ò sì mọ̀ ọ́n. Tí wọ́n bá tẹ̀lé gbogbo ìlànà inú òfin, wọ́n lè yí gbèsè yẹn sọ́rùn ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ọkọ̀, tí wọ́n ń pè ní registered keeper. Tí wọ́n bá fo ìlànà, àfi kí wọ́n lọ wá awakọ̀. Kò sì sí òfin tó ní kí ẹni orí ìwé bá wọn dárúkọ awakọ̀. (Ti ọlọ́pàá yàtọ̀ o. Tí ọlọ́pàá bá kọ̀wé béèrè ẹni tó wa ọkọ̀, dá wọn lóhùn kíákíá.)

Ìlànà tí ẹ̀gbọ́n ń fi kàlẹ́ńdà wá nìyí: tó bá jẹ́ kámẹ́rà nìkan ló mú ọkọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò lẹ ìwé mọ́ gíláàsì, lẹ́tà gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ẹni orí ìwé láàárín ọjọ́ 14, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ọjọ́ kejì. Ẹ̀gbọ́n fi bírò ka kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lára ògiri wa: ọjọ́ 9 ni ọ̀kan, ọjọ́ 22 ni mẹ́rìnlá. Lẹ́tà tiwọn, ọjọ́ 21 ló wà lórí rẹ̀, ọjọ́ Fraidé. Òfin sì gbà pé lẹ́tà máa ń dé ní ọjọ́ iṣẹ́ kejì lẹ́yìn tí wọ́n bá fi ránṣẹ́. Sátidé kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́, Sọ́ńdè kì í ṣe é. Mọ́ńdè, Túsìdeè, ọjọ́ 25. Wọ́n fi ọjọ́ 3 pẹ́. Ẹ̀gbọ́n mú ẹ̀bẹ̀ mi, wọ́n yí i sódì, wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà mìíràn sẹ́yìn rẹ̀.

Ìlà mẹ́rin ni lẹ́tà yẹn. Èmi ni orúkọ mi wà lórí ìwé ọkọ̀ yìí. Mi ò ní dárúkọ awakọ̀, òfin ò sì fi dandan lé e. Ìwé yín kò dé láàárín ọjọ́ 14 tí òfin 2012 là sílẹ̀. Ẹ fagi lé owó náà, tàbí kí ẹ fún mi ní nọ́ńbà POPLA. (Àwọn ni wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí ilé-iṣẹ́ ìgbọ́kọ̀sí bá kọ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀.) Ẹ wo bó ti gbẹ! Kò sí "ẹ kú iṣẹ́," kò sí "ẹ forí jì mí." Ó ṣe mí bíi pé mo rí àgbàlagbà tí mi ò kí i.

Mo sì rí i nígbà yẹn pé èdè wa ì bá ti gbà mí. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, bí o bá fẹ́ fi awakọ̀ pamọ́, o ní láti ṣọ́ ẹnu rẹ gan-an, torí "he" kan ṣoṣo ti yọ ìyàwó rẹ kúrò nínú ọ̀rọ̀. Nínú Yorùbá, ó wọlé ní aago 4, ó jáde ní aago 9. Ta ni? Ọkùnrin ni, obìnrin ni, àbí ọkọ̀ fúnra rẹ̀?

Wọ́n kọ̀. Ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣe náà nìyẹn. Wọ́n tún ní kí n fi orúkọ àti àdírẹ́sì awakọ̀ ránṣẹ́, wọ́n sì fi nọ́ńbà POPLA kún un. Ọ̀fẹ́ ni POPLA fún ẹni tó ń ṣàròyé. Ilé-iṣẹ́ ló ń sanwó rẹ̀, ọjọ́ 28 ni wọ́n sì fún mi láti kọ̀wé sí wọn. (Ẹgbẹ́ méjì ni àwọn ilé-iṣẹ́ ìgbọ́kọ̀sí ní; àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ kejì, IAS ni tiwọn ń jẹ́.) Ẹlòmíì ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n sọ pé £100 ti pọ̀ jù fún ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti ra nǹkan. Ọ̀rọ̀ yẹn ti kú láti 2015. Ọkùnrin kan gbé e dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Britain, lórí £85 tí wọ́n bù fún un ní Chelmsford torí ó fi ìṣẹ́jú 56 kọjá wákàtí 2 ọ̀fẹ́. Wọ́n dá a lẹ́bi. Ọjọ́ ni mo dì mú, mi ò fi nǹkan mìíràn kún un. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ímeèlì wọlé: ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn ò bá mi fà á mọ́.

Inú mi dùn, àmọ́ kò dùn tó bí mo ṣe rò. A kọjá àsìkò, mi ò sẹ́ ẹ. Ní Bàlógùn, gbogbo ènìyàn mọ̀ pé a jẹ̀bi, wọ́n sì forí jì wá, ₦3,000 bá àdúrà wá. Níbí, ẹnikẹ́ni ò forí jì mí, ẹnikẹ́ni ò sì sọ pé mo jàre. Sátidé àti Sọ́ńdè ló bọ́ sáàárín.

Ẹ má fi ìtàn mi ṣe òògùn gbogbo àìsàn. Tó bá jẹ́ ti káńsù, ẹni yòówù kó wà á, ẹni tó ni ọkọ̀ ló máa san. Ẹni tó sì ń ju gbogbo lẹ́tà sínú dúróà, kó ṣọ́ra fún èyí tó bá ti ilé-ẹjọ́ County Court wá: tí a ò bá fèsì lásìkò, ìdájọ́ lè fi ọdún 6 dúró sí orúkọ ẹni, ẹni tó bá sì ń wá owó ilé yá máa mọ̀ ọ́n lára.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ìwé ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ti ibí, wọ́n kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rí pé ìwọ lo ni ọkọ̀; síbẹ̀ òun ni wọ́n fi ń wá ọ délé. Ti Nàìjíríà, ó ní ìwé kan tí wọ́n dìídì ń pè ní ẹ̀rí pé ìwọ lo ni ín, inú dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ ló sì ń gbé.

Àbúrò mi sọ pé kámẹ́rà tó ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ ti dé Èkó báyìí. Òun ló máa ń wa Corolla Mọ́mì lọ síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo bá bi Mọ́mì, orúkọ ta ló wà lórí ìwé ọkọ̀ yín?

Wọ́n ronú díẹ̀. "Ọkùnrin Ògbómọ̀ṣọ́ tó tà á fún wa ni. Àbí ó ti kú?"