Ìjánu ẹṣin láti Luristan
Mo pẹ́ gan-an lónìí níwájú ìjánu idẹ kan ní British Museum, ní Lọ́ńdọ̀nù. Luristan ló ti wá, lórí òkè Zagros ní Iran, ó sì ti lé ní 2,600 ọdún. Ẹranko abìyẹ́ kọ̀ọ̀kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ihò sì wà níkùn wọn tí ọ̀pá tó wọ ẹnu ẹṣin gbà kọjá. Ìda ni wọ́n kọ́kọ́ fi mọ irú rẹ̀ kí wọ́n tó da idẹ, bíi tàwọn baba wa ní Ifẹ̀. Orí mi wú!

Mo wá tẹ̀ba wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣóńṣó mímú ló wà níbẹ̀, tó ń gún ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹṣin bí wọ́n bá fa okùn. Àánú ẹṣin yẹn ṣe mí o. Èyí tó tún dùn mí ni pé inú sàréè ni àwọn olè ti hú ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ tà.