Mo Tọpa Niko Pirosmani Dé Tbilisi, Sighnaghi àti Mirzaani

Nítorí àwòrán Niko Pirosmani, ayàwòrán ọmọ Jọ́jíà, ni mo ṣe lọ sí orílẹ̀-èdè náà, kì í ṣe nítorí òkè tàbí ọtí wáìnì tí ọ̀pọ̀ àlejò ń bá lọ síbẹ̀, inú mi sì dùn gidigidi pé mo lọ. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń gbèrò irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀ mọ̀ ṣáájú ohun gbogbo: ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ẹ̀dà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ilé oúnjẹ, tí wọ́n tẹ̀ sára ife àti àpò ìtajà, tàn yín jẹ pé ẹ ti rí iṣẹ́ ọkùnrin yìí. Ẹ kò tíì rí i.

Ilé Àwòrán Orílẹ̀-èdè tó wà ní òpópónà Rustaveli ní olú ìlú, Tbilisi, èyí tí wọ́n fi orúkọ ayàwòrán Dimitri Shevardnadze pè, ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí. Wọn kì í ṣí ní ọjọ́ Ajé, awakọ̀ takisí kò sì ní sọ bẹ́ẹ̀ fún yín kí ó tó gba owó rẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn tí iṣẹ́ Pirosmani wà, kò sí ariwo, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ dára, ẹnikẹ́ni kò sì lé mi kúrò níwájú àwòrán kankan. Mo pẹ́ níwájú apẹja tó wọ ẹ̀wù pupa, tó gbé ẹja lọ́wọ́ tó sì ń wo ènìyàn tààrà. Mo tún pẹ́ níwájú Margarita, obìnrin òṣèré tó wọ aṣọ funfun tó di òdòdó mú, èyí tí Pirosmani yà ní ọdún 1909. Àwọn afinimọ̀nà fẹ́ràn láti sọ ìtàn bí ayàwòrán náà ṣe ta gbogbo ohun tó ní kí ó lè ra òdòdó fún òṣèré ará Faransé yìí. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni. Ó dùn mí pé wọ́n ń lo gbogbo àkókò wọn lórí rẹ̀, tí wọn kò sì sọ ohunkóhun nípa bí wọ́n ṣe ya àwòrán tí a dúró níwájú rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí wọ́n máa fi han ènìyàn nìyí. Lórí aṣọ dúdú kan tí wọ́n ti fi òróró pa títí tó fi ń dán, tí omi kò lè wọ̀, ni Pirosmani ti ya púpọ̀ nínú àwòrán rẹ̀. Ẹ sún mọ́ ọn, bí ẹ̀ṣọ́ bá gbà fún yín, kí ẹ sì wo ibi tí dúdú wà: irùngbọ̀n, ojú ẹranko, òkùnkùn òru. Ọ̀dà kò sí níbẹ̀. Aṣọ náà fúnra rẹ̀ ni ẹ ń wò. Ibi tí ó bá fẹ́ kí ó dúdú, ṣe ni ó fi í sílẹ̀ láìfọwọ́kàn, tí ó wá fi funfun, pupa àti àwọ̀ ewé mú ìyókù jáde láti inú òkùnkùn náà. Ojú lè tẹ̀lé ipa búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tó ti gbé e kúrò. Kò tún un ṣe, kò sì jọ pé ó ṣiyèméjì. Bí wọ́n bá tẹ irú àwòrán bẹ́ẹ̀ sórí bébà, dúdú náà á di ọ̀dà lásán bíi ti ibi yòókù, agbára rẹ̀ á sì tán.

Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ ní iṣẹ́ yìí ní ilé ẹ̀kọ́. Abúlé Mirzaani ní agbègbè Kakheti ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1862, àgbẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀, wọ́n sì kú nígbà tí ó wà lọ́mọdé. Ìdílé Kalantarov ni ó gbà á sọ́dọ̀ ní Tbilisi, ọ̀dọ̀ wọn ni ó sì ti mọ ìwé kà ní èdè Jọ́jíà àti ti Rọ́ṣíà. Òun àti Gigo Zaziashvili ṣí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ya pátákó ìtajà, ṣùgbọ́n oníbàárà kò yà síbẹ̀. Ó ṣe iṣẹ́ reluwé, ó kúrò níbẹ̀ ó lọ ṣí ilé ìtajà wàrà, èyí náà kò sì tọ́jọ́. Láti ìgbà náà ni ó ti ń gbé àpótí ọ̀dà rẹ̀ láti ilé ọtí kan sí òmíràn ní àdúgbò ibùdókọ̀ ojú irin, gẹ́gẹ́ bí àwọn ayapátákó ìlú Ìbàdàn ti ń ṣe kí kọ̀ǹpútà tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, tí ó ń ya pátákó àti àwòrán ògiri fún oúnjẹ, ọtí, ibi tí yóò sùn sí àti owó díẹ̀. Àwòrán bí igba ló ṣẹ́kù nínú gbogbo èyí tí ó yà.

Ní Sighnaghi ni inú mi ti bàjẹ́. Ìlú kékeré orí òkè ni, odi tí Ọba Erekle Kejì mọ yí i ká ní ọ̀rúndún kejìdínlógún ṣì dúró, ènìyàn sì lè wo àfonífojì Alazani láti orí rẹ̀ títí dé ẹsẹ̀ òkè Caucasus. Mùsíọ́mù ìlú náà ní àwòrán Pirosmani mélòó kan, ó sì yẹ ní wíwò. Nígbà tí mo jáde níbẹ̀, ebi ń pa mí, mo sì wọ ilé oúnjẹ kan tí wọ́n ya ẹ̀dà àwòrán àsè rẹ̀ ràgàjì sí ògiri: àwọn ọkùnrin tó jókòó ti tábìlì aláṣọ funfun, pẹ̀lú ìwo ọtí lọ́wọ́ àti búrẹ́dì níwájú wọn.

Mo béèrè fún khinkali márùn-ún, ẹran sísun tí wọ́n fi irin gún, àti ife wáìnì kan. Ìyẹ̀fun pípò tí wọ́n fi di ẹran lílọ̀ mọ́ omi ẹran nínú ni khinkali, wọ́n á ká ìdí rẹ̀ jọ bí ẹnu àpò, wọ́n á sì bọ̀ ọ́. Ìdí náà ni ènìyàn máa ń dì mú, á gé e jẹ díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, á fa omi inú rẹ̀ mu kí ó tó jẹ ìyókù, á sì fi ìdí tó le náà sílẹ̀ nínú àwo. Èyí tí mo ti jẹ ní Tbilisi kún fún omi gbígbóná tó ní ata àti ewébẹ̀ olóòórùn dídùn. Ti ilé oúnjẹ yìí gbẹ nínú, ó sì lọ́wọ́ọ́wọ́ lásán, bí ohun tí wọ́n ti bọ̀ sílẹ̀ láti àárọ̀. Ẹran náà le. Ọmọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ gbé búrẹ́dì, ọbẹ̀ èso tí wọ́n ń pè ní tkemali, àti àwo kùkúḿbà oníyọ̀ wá láìjẹ́ pé mo béèrè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì lọ. Lẹ́yìn náà àwọn olórin dé, wọ́n kọ orin méjì, wọ́n sì jáde.

Owó tí mo ti ṣírò nínú ọkàn mi kò ju ogójì lárì, owó ilẹ̀ Jọ́jíà, lọ. Ìwé owó tí wọ́n gbé wá jẹ́ 71. Wọ́n ti ka búrẹ́dì mọ́ ọn, wọ́n ka ọbẹ̀ àti kùkúḿbà mọ́ ọn, wọ́n fi owó iṣẹ́ àwọn agbóúnjẹ lé e, wọ́n sì tún fi owó orin lé e. Nígbà tí mo béèrè àlàyé, ọ̀gá wọn ṣí ẹ̀yìn ìwé oúnjẹ, ó fi ìka tọ́ka sí ìlà kan tí lẹ́tà rẹ̀ kéré débi pé mo ní láti gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà kí n tó lè kà á. Mo san owó náà, inú sì bí mi gan-an. Owó nìkan kọ́ ló fa ìbínú yẹn. Ọkùnrin tí wọ́n fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ sí ògiri wọn ya àwòrán fún ilé ọtí nítorí àwo oúnjẹ kan, àwọn sì ń fi orúkọ rẹ̀ gba owó lórí búrẹ́dì tí ènìyàn kò béèrè. Ẹ bi wọ́n léèrè owó iṣẹ́, owó orin àti owó búrẹ́dì kí ẹ tó jókòó, ohun tí ẹ kò bá sì béèrè fún, ẹ ní kí wọ́n gbé e padà lójú ẹsẹ̀.

Mirzaani ló tù mí nínú. Kò jìnnà sí Sighnaghi, ṣùgbọ́n takisí nìkan ni mo rí, nítorí náà ẹ dá iye owó àlọ, àbọ̀ àti ti ìdúródeni pọ̀ kí ẹ tó wọlé sínú ọkọ̀. Ilẹ̀ oko ni yí abúlé náà ká. Ìyá àgbà kan tó ń ṣọ́ mùsíọ́mù ibẹ̀ kò gbọ́ èdè tí mo ń sọ, èmi náà kò gbọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó mú mi láti yàrá dé yàrá, ó ń tọ́ka sí àgbọ̀nrín, màlúù àti àjàrà inú àwòrán, lẹ́yìn náà ó tọ́ka sí ìta ojú fèrèsé. Mo rí i nígbà náà pé ohun ilé ni ọkùnrin yìí ń yà fún àwọn onílé ọtí Tbilisi ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ní ọdún 1912 ni àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta, Mikhail Le-Dantu, Ilia Zdanevich àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Kirill, ṣalábàápàdé iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé ọtí, nígbà tó sì di ọdún 1913 wọ́n pàtẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ ní Mọ́sko. Ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán Jọ́jíà pè é sí ìpàdé ní ọdún 1916. Ohun tí ó bá wọn sọ ni pé kí wọ́n kọ́ ilé onígi ńlá kan sí àárín ìlú, kí wọ́n ra tábìlì ńlá àti ìkòkò tíì ńlá, kí wọ́n máa mu tíì níbẹ̀, kí wọ́n sì máa sọ̀rọ̀ nípa àwòrán. Ní ọdún kan náà, ìwé ìròyìn kan ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ bí aláìmọ̀ṣẹ́ tó yẹ kí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́. Ó dùn ún wọra, ó sì yẹra fún wọn. Oṣù Kẹrin ọdún 1918 ni ó kú, ebi àti àìsàn ẹ̀dọ̀ ti jẹ ẹ́ tán. Wọn kò mọ sàréè rẹ̀ títí di òní.

Yàrá kékeré abẹ́ àtẹ̀gùn tí ó gbé kẹ́yìn wà ní òpópónà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ báyìí, nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin Tbilisi, àwọn àlejò tó ń dé ibẹ̀ kò sì tó nǹkan rárá. Bí ẹ bá ní ọjọ́ kan péré ní ìlú náà, ẹ lo òwúrọ̀ ní Rustaveli, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ láti Liberty Square, ibùdó kẹta ni kí ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ra búrẹ́dì gbígbóná lọ́wọ́ àwọn tó ń yan án nínú ààrò amọ̀ ní àdúgbò, owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì dùn ju gbogbo ohun tí mo jẹ ní Sighnaghi lọ.