Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú ṣíṣètò ọ̀nà fún ọkọ̀ rọ́bọ́ọ̀tì ilé ìkẹ́rùsí

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ inú iṣẹ́ yìí, àṣìṣe àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo rò pé wíwá ọ̀nà tí ó kúrú jù lọ ni gbogbo iṣẹ́ náà. Ìyẹn ti ní ojútùú tipẹ́: onímọ̀ kọ̀ǹpútà Dijkstra tẹ ìlànà tirẹ̀ fún wíwá ọ̀nà tí ó kúrú jù lọ jáde ní 1959, Hart, Nilsson àti Raphael sì gbé èyí tí wọ́n ń pè ní A* jáde ní 1968. Mo fi A* wá ọ̀nà fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ilé ìkẹ́rùsí tí mo yà sínú kọ̀ǹpútà, ọ̀nà wọn sì dára; ṣùgbọ́n nígbà tí mo tú gbogbo wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣe ni wọ́n rọ́ sí ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo láàárín àwọn pẹpẹ, tí wọ́n dojú kọ ara wọn, tí kò sí èyí tí ó lè yà fún èkejì.

Àkókò ni mo fojú fò. Ìlànà tí David Silver tẹ̀ jáde ní 2005 ni mo fi tún un ṣe: ọkọ̀ tí ó bá ti rí ọ̀nà yóò kọ ibi tí yóò wà àti ìgbà tí yóò wà níbẹ̀ sínú tábìlì tí gbogbo wọn jọ ń lò, kí àwọn tí ó tẹ̀ lé e lè yẹra. Ẹ rántí pé ọkọ̀ méjì tó dojú kọ ara wọn kò gbọdọ̀ pààrọ̀ àyè fún ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú. Èmi gbàgbé èyí, àwọn ọkọ̀ mi sì ń gba inú ara wọn kọjá bí iwin. Yu àti LaValle fi hàn ní 2013 pé wíwá ètò tí ó dára jù lọ fún gbogbo ọkọ̀ lápapọ̀ jẹ́ ìṣòro NP-hard, ìyẹn irú ìṣòro tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí ọ̀nà yíyá láti yanjú pátápátá bí ó bá ti tóbi, nítorí náà ètò tí ó dára tó, tí ó sì tètè jáde, ni mo máa ń yàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù ni ìgbà tí ọkọ̀ bá dé orí ilẹ̀ gidi. Táyà yóò yọ̀, ẹrù wíwúwo yóò mú kí ọkọ̀ pẹ́ kí ó tó yí, ètò tí a fi ìṣẹ́jú àáyá dè pinpin yóò sì tú ká nítorí ọkọ̀ kan ṣoṣo tí ó falẹ̀. Mo wá rí i pé kì í ṣe aago ló yẹ kí ó darí wọn, bí kò ṣe ẹni tí ó kàn: bí ètò bá ní ọkọ̀ A ni yóò kọ́kọ́ gba ìkóríta, ọkọ̀ B kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ títí A yóò fi jáde, bó ti wù kí ó pẹ́ tó. Ìdúró yóò wà, ìkọlù kò ní sí. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò pé ìdúró náà kò yí po di òbìrìkítí, tí A ń dúró de B, tí B ń dúró de D, tí D sì tún ń dúró de A.

Ní ti ọkọ̀ tí ń wọ abẹ́ pẹpẹ láti gbé e, irú èyí tí Kiva Systems ṣe kí Amazon tó ra ilé iṣẹ́ náà ní 2012, àwòrán ilẹ̀ méjì ni ẹ nílò, nítorí ó lè gba abẹ́ àwọn pẹpẹ kọjá nígbà tí kò bá gbé ẹrù, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá gbẹ́rù, àárín ọ̀nà nìkan ló kù fún un. Mo tún pàṣẹ pé ìhà kan ṣoṣo ni ọkọ̀ lè kọjú sí nínú ọ̀nà tóóró kọ̀ọ̀kan. Ìrìn ọkọ̀ gùn sí i, síbẹ̀ iye ẹrù tí ń dé ibùdó láàárín wákàtí kan pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, iye yẹn ni mo sì ń kọ́kọ́ wò báyìí kí n tó wo gígùn ọ̀nà kankan.