Ọ̀rá orí ilé tòmátì mi àti ìmọ́lẹ̀ tí kòkòrò fi ń ríran

Lára ìdìpọ̀ ọ̀rá tí mo rà láti fi bo ilé tòmátì mi ní ọ̀nà Alábàtà, níhìn-ín ní Abẹ́òkúta, ni wọ́n ti kọ lẹ́tà méjì gàdàgbà: UV. Ẹni tó tà á fún mi sọ pé ìtànṣán UV, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ojú wa kò lè rí, kò ní lè wọlé mọ́, àti pé kòkòrò funfun kéékèèké tí ń gbé abẹ́ ewé kò ní yọ mí lẹ́nu. Mo gbà á gbọ́, mo sanwó, mo sì bo ilé náà kí ọyẹ́ tó dé. Nígbà tí yóò fi di oṣù kejì, bí mo bá fọwọ́ kan igi tòmátì kan ṣoṣo, kòkòrò funfun á tú jáde bí eruku èlùbọ́, ewé òkè sì ti ń ká kò, tí etí rẹ̀ ń di àwọ̀ ìyeyè.

Ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn ń rí bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 400 nánómítà (òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìgbì ìmọ́lẹ̀), níbi tí àwọ̀ àlùkò wà, ó sì parí sí nǹkan bíi 700, níbi tí àwọ̀ pupa wà. Èyí tó wà nísàlẹ̀ 400 ni UV. Àwa kò rí i, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kòkòrò ń rí i kedere. Ní ti kòkòrò funfun yìí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bemisia tabaci, onímọ̀ kòkòrò kan, L. A. Mound, ti kọ ọ́ láti ọdún 1962 pé oríṣi ìmọ́lẹ̀ méjì ló ń fà á: UV, tó jẹ mọ́ gbígbéra àti fífò lọ sí ọ̀nà jíjìn, àti àwọ̀ ìyeyè, tó ń pè é wálẹ̀ láti bà lé ewé. Ìdí nìyẹn tí pátákó aláwọ̀ ìyeyè tí a fi gọ́ọ̀mù pa lára fi ń mú wọn. Nítorí náà, bí ọ̀rá bá gba UV dúró, inú ilé náà yóò mọ́ lójú tiwa, ṣùgbọ́n kòkòrò tó wà níta kò ní rí ohun tó ń fà á wọlé, èyí tó bá sì ráyè wọlé kò ní fò káàkiri tó bó ṣe yẹ.

Ní àwọn ọdún 1990, onímọ̀ àrùn ọ̀gbìn kan, Yehezkel Antignus, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ísírẹ́lì fi irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ bo ọ̀gbìn, wọ́n sì rí i pé kòkòrò funfun, aphid àti thrips (kòkòrò kéékèèké mìíràn tí ń fa omi ara ewé mu) dínkù, àti pé àrùn fáírọ́ọ̀sì tó ń ká ewé tòmátì dínkù pẹ̀lú. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló jọ mí lójú jù, nítorí kòkòrò funfun ló ń gbé àrùn náà kiri. Oògùn lè pa kòkòrò, ṣùgbọ́n ó ti fẹnu kan ewé kí oògùn tó pa á.

Lẹ́tà UV tó wà lára ọ̀rá tèmi kì í ṣe ọ̀rọ̀ kòkòrò rárá. Oòrùn a máa jẹ rọ́bà. Ọ̀rá lásán tí a bá ta síta á gan, á sì máa fọ́, ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe é fi ń po èròjà mọ́ ọn kí ó lè pẹ́. Ọ̀rá náà ni wọ́n ń dáàbò bò, kì í ṣe tòmátì. Àdìrẹ tí a fọ̀ títí tí aró rẹ̀ kò ṣí kò tíì torí ìyẹn di aṣọ òjò. Mo mú iná UV kékeré tí àwọn oníṣòwò fi ń yẹ owó náírà wò, mo fi ọ̀rá náà sáàárín iná àti owó, àmì ara owó náà sì tàn yanran. Ọ̀rá tó ń gba UV dúró ní tòótọ́ ì bá mú kí ó ṣú. Ìdánwò aláìpé ni, torí irú iná bẹ́ẹ̀ kì í dọ́gba, ṣùgbọ́n ó sàn ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Nọ́ńbà ni ó yẹ kí n ti bèèrè: títí dé nánómítà mélòó ni ọ̀rá yìí ń gba ìmọ́lẹ̀ dúró? Èyí tí a ṣe nítorí kòkòrò sábà máa ń dé 380 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí mo tilẹ̀ ti ra ojúlówó, ooru ìlú wa kò ní jẹ́ kí n fi ọ̀rá bo ẹ̀gbẹ́ ilé náà pa. Àwọ̀n ni a ń ta sí ẹ̀gbẹ́, ibẹ̀ ni UV sì ń gbà wọlé. Àwọ̀n tí ihò rẹ̀ jẹ́ 50 nínú íǹṣì kan ń dá kòkòrò funfun dúró, ṣùgbọ́n thrips lè gba inú rẹ̀ kọjá, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé a sì máa dínkù. Oyin pàápàá ń fi UV ríran, nítorí náà ẹni tó fẹ́ gbin bàrà kò gbọdọ̀ fi ojú kékeré wo èyí. Ikàn aláwọ̀ àlùkò náà kì í pọ́n dáadáa lábẹ́ irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀, torí UV wà lára ohun tó ń mú àwọ̀ náà jáde.

Ọ̀rá mi ṣì le koko, n kò sì ní owó láti ká a sọnù. Mo ti fi ìlẹ̀kùn kejì sí ẹnu ọ̀nà, mo ti fa gbogbo igi tí ewé rẹ̀ ká kò tu, mo sì ń yẹ abẹ́ ewé àwọn ọ̀dọ́ igi wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó wọlé.