Èṣí ni alátakò agbátẹnìsì

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, Emma Raducanu, agbátẹnìsì ọmọ ilẹ̀ Bìrìtìkó, gba ife-ẹ̀yẹ US Open, ọmọ ọdún 18 sì ni. Ipò 150 lágbàáyé ló wà nígbà tó dé New York, kò rí àyè nínú ìdíje gan-an, ẹnu ọ̀nà ìpegedé, ìyẹn àwọn eré tí wọ́n fi ń du àyè ṣáájú ìdíje, ló gbà wọlé. Eré 10 ló gbá láti ìpegedé dé àṣekágbá, kò pàdánù sẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Wọ́n kọ póìǹtì 2,040 sí orúkọ rẹ̀, ó fò láti 150 bọ́ sí 23. Ọdún yípo, ó padà sí New York kan náà, Alizé Cornet sì nà án ní ìpele kìíní. Nígbà tí ìwé ipò tuntun jáde, ó ti já láti ipò 11 tó ti gòkè dé láàárín ọdún náà sí 83. Kò rú òfin kankan, ẹnikẹ́ni ò sì gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Póìǹtì èṣí ló pé ọdún, ló bá bá tirẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ ló yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe rí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó wà lódìkejì àwọ̀n yóò gba ilé rẹ̀ lọ bí eré bá parí. Èṣí kì í lọ.

Ọ̀sẹ̀ 52 ni ẹ̀mí póìǹtì. Ilé ayálégbé ni: bí ọdún bá pé, ẹ san òmíràn tàbí kí ẹ kó ẹrù yín. Lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin, ẹni tó bá gba ọ̀kan nínú ìdíje ńlá mẹ́rin, ìyẹn Australian Open, French Open, Wimbledon àti US Open, ń gba póìǹtì 2,000. Ẹni tó bá pàdánù ní àṣekágbá ń gba 1,300, ẹni tó bá já ní ìpele kìíní ń gba 10 péré. Lẹ́yìn wọn ni Masters 1000, ATP 500 àti ATP 250 (ATP ni àjọ agbátẹnìsì ọkùnrin), orúkọ wọn sì ti sọ iye tí olúborí ń kó lọ. Bí ọjọ́ Ajé bá dé, wọ́n á yọ ohun tó ti pé ọdún kúrò, wọ́n á fi ti tuntun sí i, wọ́n á sì tún gbogbo ayé tò. Ìdí nìyí tí eléré kan fi lè dé ìpele ẹlẹ́ni mẹ́jọ, kí owó gidi wọlé fún un, kí àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ títí, kí ipò rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e. Èṣí ló dé àṣekágbá níbẹ̀.

Ẹ wo ti Wimbledon ọdún 2022. Wọ́n ní kí àwọn eléré Rọ́ṣíà àti Belarus má wá, ni ATP àti WTA, àjọ ti àwọn obìnrin, bá fagi lé póìǹtì gbogbo ìdíje náà. Novak Djokovic gba ife, kò rí póìǹtì kankan, bẹ́ẹ̀ 2,000 tó gbà níbẹ̀ lọ́dún 2021 ti pé ọdún. Láti ipò 3 ló já sí 7 pẹ̀lú ife lọ́wọ́.

Ti àwọn ìràwọ̀ nìyẹn. Ìsàlẹ̀ àkàbà ni ìṣirò ti le jù. Ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ yóò kọ́kọ́ gba nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní IPIN lọ́wọ́ ITF, àjọ tẹ́nìsì àgbáyé, lẹ́yìn náà ni yóò máa fi orúkọ sílẹ̀ fún àwọn ìdíje kéékèèké: M15 àti M25 fún ọkùnrin, W15, W35 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ fún obìnrin. 15 inú M15 yẹn ni ẹgbẹ̀rún dọ́là 15, gbogbo owó tó wà nílẹ̀ fún gbogbo èèyàn sì nìyẹn, títí kan àwọn tó ń gbá a ní méjì-méjì. Olúborí nínú eré ẹnì kan sí ẹnì kan ń mú $2,160, ẹni tó já ní ìpele kìíní ń mú $156. Olúborí ń gba póìǹtì 15, èkejì 8, àwọn méjì tó já ṣáájú àṣekágbá 4, àwọn tó já ní ìpele ẹlẹ́ni mẹ́jọ 2, àwọn tó borí ẹ̀ẹ̀kan péré 1. Ẹni tó bá já ní ìpele kìíní kò rí nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀sẹ̀ kan. Èèyàn 32 ni, eré 5 sì ni olúborí yóò gbá. Ká ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan ya wèrè, tó gba M15 ní ọ̀sẹ̀ 20, kí a sì sọ pé gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kà fún un: póìǹtì 300 nìyẹn. Kò ní gbé e wọ inú 100 àkọ́kọ́ lágbàáyé, nǹkan bí ìlọ́po méjì rẹ̀ ni ibẹ̀ ń fẹ́. Nítorí náà, kò sí ẹni tó lè jókòó sí M15 kí ó di ẹni ńlá. Ilé ẹ̀kọ́ ni, kí èèyàn tètè jáde níbẹ̀ ló dára, ṣùgbọ́n àsìkò tí èèyàn jáde ló máa ń da ọ̀pọ̀ nù.

Ìpele tó kàn ni Challenger, tó ní 50, 75, 100, 125 àti 175, ìyẹn póìǹtì tí olúborí ń gbà. Ẹni tó wà ní bíi ipò 400 á rí i pé póìǹtì ibẹ̀ dọ́ṣọ̀, á sáré lọ. Ìpegedé nìkan ni ipò rẹ̀ lè gbé e wọ̀. Yóò pàdánù ní ọjọ́ Àìkú, kò ní rí póìǹtì mú bọ̀, owó ọkọ̀ òfuurufú ti lọ, ọ̀sẹ̀ náà sì ti bàjẹ́ torí M25 tí ì bá lọ ti bẹ̀rẹ̀ láìsí i. Ìforúkọsílẹ̀ fún irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ti máa ń parí ní ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 4 léra, póìǹtì èṣí á máa jábọ́ láìsí arọ́pò, ni yóò bá padà sí ibi tó ti ń bọ̀. Ẹni tí kì í borí ju ìdajì eré rẹ̀ lọ ní M25 kò tíì ní ohun tó ń wá ní Challenger. Àwọn kan ò ní fara mọ́ èyí, wọ́n á ní ẹni tó bá bá alágbára jà ló ń lágbára. Òótọ́ ni, bí ẹlòmíràn bá ń san owó rẹ̀.

Owó náà ló mú kí àwọn ìlú kan di ilé fún wọn. Monastir ní Tùnísíà, Antalya ní Tọ́kì àti Sharm El Sheikh ní Íjíbítì ń ṣe ìdíje léraléra ní ojú kan náà, ọ̀sẹ̀ lé ọ̀sẹ̀. Èèyàn á wọ ọkọ̀ òfuurufú lẹ́ẹ̀kan, á gbé òtẹ́ẹ̀lì kan, á gbá ìdíje 4 tàbí 5 kó tó lọ. Ìdíje tí wọ́n bá kọ àmì +H sí lára ń fún eléré ní ibùsùn lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó gbọ́n máa ń wá àmì yẹn kí wọ́n tó wo orúkọ ìlú. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ńkọ́? Ẹni méjì tàbí mẹ́ta lè dáwó jọ sanwó fún ẹnì kan, tàbí kí èèyàn máa dá rìn, kí ó sì máa fi fóònù ya eré ara rẹ̀ láti wò ó lálẹ́.

Sumit Nagal ará Íńdíà ni àpẹẹrẹ tí mo máa ń fún ẹni tó bá ní agbátẹnìsì olówó ni gbogbo wọn. Lọ́dún 2023, òun ló wà lókè pátápátá lórílẹ̀-èdè rẹ̀, ó sì sọ fún àwọn oníròyìn pé 900 yúrò ló kù sí báńkì òun. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ipò 137 ló wà nígbà tó lọ sí Melbourne fún Australian Open. Ó la ìpegedé kọjá, ó na Alexander Bublik ní ìpele kìíní, ó já ní ìkejì: 180,000 dọ́là Ọsirélíà. Ọ̀sẹ̀ méjì péré.

Ìdí tí ipò 104 fi ṣe pàtàkì nìyẹn. Nínú èèyàn 128 tó ń wọ ìdíje ńlá, 104 ń gba ọ̀nà ipò wọlé tààrà, 16 ń ti ìpegedé bọ̀, 8 ń gba wáìdì káàdì tí àwọn olùṣètò fi ń ta ẹni tó wù wọ́n lọ́rẹ. Ipò ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ìdíje ni wọ́n sì ń lò, kì í ṣe ti ọjọ́ náà. Ẹni tó bá mọṣẹ́ rẹ̀ á ka kàlẹ́ńdà sẹ́yìn: ọjọ́ wo ni wọ́n ó ka ipò, póìǹtì wo ni yóò já ṣáájú ọjọ́ yẹn, Challenger wo ló wà láàárín. Èyí tó já lẹ́yìn ọjọ́ náà kò pa á lára. Èyí tó já ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú lè sọ ọ́ di ẹni 106, kí ó wá máa gbá eré 3 ní ìpegedé fún àyè tí ì bá ti jẹ́ tirẹ̀.

Lọ́dún 2024, ATP bẹ̀rẹ̀ ètò tó fi owó ìdánilójú lélẹ̀: $300,000 fún 100 àkọ́kọ́, $150,000 fún ipò 101 sí 175, $75,000 fún 176 sí 250. Bí owó tí eléré rí lórí pápá láàárín ọdún kò bá tó iye yẹn, wọ́n á fi èyí tó kù kún un. Ó dára, ó sì pẹ́ kó tó dé. Ẹni tó wà ní ipò 260 kò sí nínú rẹ̀. Kí a má sì gbàgbé owó orí: Amẹ́ríkà lè yọ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lára owó àlejò kí ó tó kàn án lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ okùn rákẹ́ẹ̀tì, torí pé ojú òǹwòran kì í tó ibẹ̀. Wọ́n ń pààrọ̀ bọ́ọ̀lù lẹ́yìn géèmù 7 àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà lẹ́yìn géèmù 9 kọ̀ọ̀kan. Ìmárale ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kà sí géèmù 2 tó kù nínú ti àkọ́kọ́. Ẹ máa wo ọwọ́ àwọn eléré ńlá nígbà náà: wọ́n á fa rákẹ́ẹ̀tì tuntun yọ nínú ọ̀rá. Bọ́ọ̀lù tó ti pẹ́, irun ara rẹ̀ ti wú, afẹ́fẹ́ ń dá a dúró. Tuntun ń fò. Okùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ le ló lè kó o níjàánu.

Okùn pọliẹ́sítà ni ọ̀pọ̀ ń lò báyìí. Ó ń jẹ́ kí bọ́ọ̀lù yí kíkankíkan, kì í sì í tètè já. Wàhálà rẹ̀ ni pé ó máa ń kú láìjá. Láàárín wákàtí díẹ̀, lílekoko rẹ̀ á ti dẹ̀, bọ́ọ̀lù tó ń balẹ̀ sórí ìlà á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Ọ̀dọ́ tí kò mọ̀ á ní apá òun ló ṣe é, á yí bó ṣe ń gbá a padà, á wá ní àìsàn méjì dípò ọ̀kan. Pọliẹ́sítà tó ti kú ń gbọn apá pẹ̀lú, ìgúnpá ló sì máa ń sanwó rẹ̀. Okùn ìfun màlúù rọ apá lọ́rùn, ó sì ń pẹ́ kó tó dẹ̀, ṣùgbọ́n ó wọ́n, òjò sì ń bà á jẹ́. Roger Federer máa ń fi ìfun sóròó, pọliẹ́sítà níbùú. Láàárín kílò 20 sí 27 ni ọ̀pọ̀ ń fà á. Bí oòrùn bá mú, tàbí bí ìlú bá ga bíi Madrid tó lé ní mítà 600 sókè òkun, bọ́ọ̀lù ń fò jù, wọ́n á fà á le sí i. Bí òtútù bá mú, wọ́n á dẹ̀ ẹ́. Ní ìdíje ńlá, àwọn alámọ̀dájú wà tó ń so ó láàárọ̀ ọjọ́ eré. Ní M15, ọ̀pọ̀ eléré ń gbé ẹ̀rọ kékeré tiwọn kiri, orí bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti ń ṣe é.

Ara ńkọ́? Dominic Thiem gba US Open lọ́dún 2020, ó dé ipò 3. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ó fara pa ní ọrùn ọwọ́ ọ̀tún ní Mallorca. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ó ti jáde kúrò láàárín 300 àkọ́kọ́, ọwọ́ náà kò sì padà sípò bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó fẹ̀yìn tì ní Vienna lọ́dún 2024, ọmọ ọdún 31.

Òfin kan wà tó ń dáàbò bo ẹni tó bá fara pa fún oṣù 6 ó kéré tán. ATP á wo ipò rẹ̀ ní oṣù 3 àkọ́kọ́ ìfarapa, wọ́n á mú ìpíndọ́gba rẹ̀, yóò sì máa fi ipò yẹn wọ ìdíje fún ìgbà díẹ̀. Ẹnu ọ̀nà nìkan ni ó ń ṣí o. Kò fún èèyàn ní póìǹtì kankan, kò sì fi í sáàárín àwọn tí wọ́n ń yà sọ́tọ̀ kí wọ́n má tètè pàdé ara wọn, nítorí náà ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí ibùsùn lè bá ẹni kejì lágbàáyé pàdé ní ìpele kìíní. Ọlọ́gbọ́n á kọ́kọ́ lọ sí Challenger lọ dán ara wò, á fi ipò ìdáàbòbò pamọ́ fún ìdíje ńlá tí owó wà.

Pajápajá ní òfin tirẹ̀. Ẹni tó bá fara pa lè gba ìṣẹ́jú 3 ìtọ́jú. Pajápajá kò sí nínú rẹ̀. Àfi kó dúró di ìgbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 90. Bí kò bá lè dúró, yóò fi póìǹtì àti géèmù tó wà láàárín sílẹ̀ fún ẹnì kejì.

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bá gbé e mọ́ lè yà sí ti eléni méjì-méjì. Rohan Bopanna gba Australian Open bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2024 lẹ́ni ọdún 43, ó sì di ẹni àkọ́kọ́ lágbàáyé nínú rẹ̀. Bí ó bá sì tó àkókò láti lọ, ìwé ni wọ́n ń kọ, kí wọ́n lè yọ orúkọ kúrò lára àwọn tí wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wọn wò nítorí oògùn tí òfin kọ̀. Títí di ọjọ́ náà, àwọn ẹni ńlá ní láti sọ wákàtí kan lójoojúmọ́ tí wọ́n lè bá wọn níbi tí wọ́n wà. Bí aláyẹ̀wò kò bá bá wọn níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù 12, ìjìyà nìyẹn. Bí ẹni tó ti kọ̀wé bá yí ọkàn padà, oṣù 6 ni yóò fi wà nílẹ̀ fún àyẹ̀wò kó tó gbá eré kan. Bí ọ̀sẹ̀ 52 bá sì ti kọjá, kò sí póìǹtì kankan mọ́. Bí olùṣètò kan kò bá fún un ní wáìdì káàdì, ìpegedé M15 ni, bóyá ní Monastir.