Ọdún Tí Ìbọn Dín Ọjọ́ Orí Bàbá Mi Kù

Kí n kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè tí wọ́n bi mí jù lọ́dún yìí: rárá o, n ò ní ìbọn kankan nílé. Òfin ìbọn ọdún 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ èyí tí aráàlú ò gbọdọ̀ ní láìjẹ́ pé Ààrẹ fọwọ́ sí i, èmi sì rèé, tíṣà tó ń gbé Òkè-Fìà, l'Óṣogbo níbí. Níbo ni Ààrẹ ti fẹ́ mọ̀ mí? Àwòrán rìfọ́fà àtijọ́ ni mo ń kó jọ, ìbọn ìléwọ́ tí ilé ọta rẹ̀ máa ń yí, pẹ̀lú àkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé e. Màá wò ó títí màá fi mọ irú èyí tó jẹ́ àti ìgbà tí wọ́n rọ ọ́. Ìyàwó mi ní iṣẹ́ ẹni tí ò níṣẹ́ ni.

Ká ti orí àdánù bẹ̀rẹ̀. Lóṣù kejì, mo fi ₦18,000 ra àkọ̀ kan lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ta ohun àtijọ́. Ó búra pé ti ogun 1914 ni. Mo délé, mo ṣí ìderí rẹ̀ sí oòrùn, mo rí orí ọfà kékeré tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ń sàmì sí ẹrù rẹ̀. 1942 ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbàgàdà. Kánfáásì líle ni wọ́n fi ṣe é, irú èyí tí wọ́n gbé jáde fún sójà ní 1937. Ó yẹ kí n ti mọ̀ kí n tó yọ owó. Mo sì ti pinnu láti lọ wo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun tó wà ní Umuahia. N ò lọ.

Bọ̀ọ̀dá mi tó wà ní Texas ló ní ìbọn gidi, èmi ló sì ń fi àwòrán wọn yọ lẹ́nu. Lóṣù kẹfà ó ra méjì. Àkọ́kọ́ kéré, wọ́n kọ “British Bull Dog” sí i lára, ó sì gbà pé Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe é. Mo ní kó ya ilé ọta rẹ̀ fún mi. E, L àti G ló wà nínú àmì roboto bí ẹyin, adé sì wà lórí rẹ̀. Òǹtẹ̀ Liège nìyẹn, ní ilẹ̀ Belgium, níbi tí wọ́n ti ń dán ìbọn wò kó tó dọ́jà. Webley, ilé iṣẹ́ ìbọn Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé Bulldog jáde ní 1872, àwọn ará Liège sì ṣe àdàkọ rẹ̀ lọ rẹpẹtẹ. 1893 ni adé yẹn bẹ̀rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá fẹ́ kí n sọ pé kò kọjá 1898, torí lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀, ìbọn tí wọ́n rọ lọ́dún náà tàbí ṣáájú rẹ̀ ti di ohun àtijọ́ lójú òfin. Mo ní adé yìí lè jẹ́ ti 1895, ó sì lè jẹ́ ti 1910. Inú rẹ̀ ò dùn sí mi fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Smith & Wesson, ilé iṣẹ́ ìbọn Amẹ́ríkà, ló ṣe ìkejì. Nọ́ńbà tó rí nígbà tó ṣí ilé ọta ló kọ ránṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ti àwọn òṣìṣẹ́ ni ìyẹn, kí wọ́n lè mọ irin tó bára wọn mu. Mo ní kó dorí ìbọn kodò, kó wo ìdí èèkù. V ló ṣáájú nọ́ńbà ibẹ̀: ìbọn ìgbà ogun nìyẹn, láàárín 1942 sí 1945. (Ọdún tó wà lára ìbọn náà máa ń tan èèyàn. Ẹ ó rí April 3, 1855 lára Smith & Wesson àkọ́kọ́; ọjọ́ tí Rollin White, alágbẹ̀dẹ ìbọn kan, gba ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n tó dá ni, 1857 ni ìbọn ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.)

Tilé wa ló wá le jù. Ìyá bàbá mi fi àwòrán kan sílẹ̀. Òyìnbó sójà kan jókòó sídìí tábìlì, bàbá bàbá mi, tó jẹ́ kúkù rẹ̀, dúró lẹ́yìn, ọmọdé kan di ṣòkòtò rẹ̀ mú. Bàbá mi lọmọ yẹn. Kò sí nǹkan lára rẹ̀ àfi oǹdè ọrùn, ẹni tó bá sì ti tọ́mọ rí á sọ pé kò ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ. Rìfọ́fà kan wà lórí tábìlì, òyìnbó fi tẹ ìwé mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ.

Ọdún méjì ni mo fi ń pè é ní Webley. Lóṣù kẹwàá, mo ra awò tí àwọn tó ń tún aago ṣe ń kì bọ ojú, ní Ọjà Ọba, mo sì wo òòlù ìbọn náà. Òòlù Webley ní ìwo lẹ́yìn tí àtàǹpàkò fi ń fà á. Eléyìí pá lórí, kodoro. Enfield ni! Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣe é fúnra rẹ̀, ó sì jọ Webley débi pé Webley bèèrè owó, wọ́n sì fún un ní £1,250. Ìwo wà lórí Enfield nígbà tó jáde ní 1932. Ní 1938 ni wọ́n gé e, torí pé ó ń há fáwọn sójà inú ọkọ̀ ogun onírin, wọ́n sì ń gba àwọn ti tẹ́lẹ̀ padà láti gé tiwọn náà. Ọdún yòówù kó wà lára ìbọn tó pá lórí, àwòrán rẹ̀ ò lè ṣáájú 1938.

Bẹ́ẹ̀ 1933 ló wà nínú ìwé ọjọ́ orí tí Bàbá búra sí ní kóòtù. Ọmọ ọdún mẹ́ta ní 1938, a ò lè bí i ṣáájú 1935. A sì ti ṣe àádọ́rùn-ún fún un lọ́dún méjì sẹ́yìn: màlúù, aṣọ ẹbí, onílù tó ń kì í títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mo sọ fún un lọ́jọ́ Kérésì. Ó wò mí. “Ṣé ìbọn ló gbẹ̀bí mi ni?” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò rẹ̀ obìnrin wá ní kí n rọra, pé ta ló sọ fún mi pé Bàbá ni? Ó ní ọmọkùnrin kan tẹ̀lé Bàbá tí kò dàgbà. Mi ò lésì. Ìbọn lè sọ ọjọ́ orí àwòrán, kò lè dárúkọ ọmọ.

Bàbá ló bínú. Ó gba awò lọ́wọ́ mi, ó kì í bọ ojú, ó dorí kodò sórí àwòrán fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. “Èmi ni. Ẹ wo etí òsì, ó ti ya.” Ó yí etí tirẹ̀ sí wa, a sì rí i, ojú àpá náà ṣì wà níbẹ̀.

Mo ní, “Bàbá, ọdún 1935 nìyẹn o.”

“Ọdún 1933 ni wọ́n bí mi.” Ó ti awò bọ àpò bùbá rẹ̀, kò sì tíì dá a padà.